Ọmọ Oníbúrẹ́dì ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ̀ ní Ìbàdàn ni búrẹ́dì. Kì í ṣe nítorí àìsàn ni mo fi kọ̀ ọ́ o, ìgbéraga ni. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé gan-an ni obìnrin kan nínú agboolé wa ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ gé búrẹ́dì fún mi láti fi kí mi káàbọ̀, mo sì wò ó bí ẹni tí wọ́n na àkísà sí. Ọmọ oníbúrẹ́dì ni mí. Bàbá mi ló ń ṣe búrẹ́dì tí àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́ ń jẹ láràárọ̀, èyí tí èèpo rẹ̀ máa ń dún tí a bá tẹ̀ ẹ́, tí inú rẹ̀ sì máa ń fà. Èyí tí obìnrin yìí nà sí mi rọ̀ bí òwú. Mo ní, "Ẹ ṣeun mà, mo ti yó." Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé bí kì í bá ṣe búrẹ́dì bàbá mi, n kò ní fi ti ẹnikẹ́ni kan ẹnu. Mo rò pé ìfẹ́ bàbá mi ni mo ń fi hàn. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ ohun tí ìgbéraga náà ṣe fún mi.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Òmìnira kò tíì dé. Abẹ́ Faransé ni Àjàṣẹ́ wà, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Ìbàdàn wà. Yorùbá kan náà ni a ń sọ ní ibi méjèèjì, àfi pé tiwa máa ń pa àwọn ará Ìbàdàn lẹ́rìn-ín. Àìsàn ló lé mi kúrò nílé. Láti kékeré ni inú ti máa ń run mí. Ikùn mi á wú, ẹsẹ̀ mi á tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru á sì máa dààmú mi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀, bàbá mi nìkan ló ń tọ́jú mi. Ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ àwọn alágbo, ó bẹ àwọn àfáà kí wọ́n bá mi gbàdúrà. Nígbà tí àìsàn náà kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ṣe èyí tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe jù. Á mú búrẹ́dì tó gbóná jù nínú ààrò, á rún un sínú tíì tó ní mílíìkì, á jókòó tì mí, á sì máa fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu. Ta ni kò mọ̀ pé búrẹ́dì ni oúnjẹ aláìsàn? Àwọn tó wá kí mi pàápàá, búrẹ́dì ni wọ́n ń mú lọ́wọ́ wá, ọ̀dọ̀ bàbá mi náà sì ni wọ́n ti ń rà á.

Nígbà tó wá di pé n kò lè gbé garawa omi mọ́, àbúrò bàbá mi obìnrin tó lọ́kọ sí Ìbàdàn ránṣẹ́ sí wa. Ìyá Sùwé ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ní kí wọ́n gbé mi wá sọ́dọ̀ òun, pé bóyá ilẹ̀ Àjàṣẹ́ ni kò gbà mí. Ó ní òun ti rí irú rẹ̀ rí: ọmọ tó ń kú lọ ní ìlú kan, tó dé ìlú mìíràn tó di ọmọ gidi. Bàbá mi ronú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó fi ọwọ́ tó kún fún fúláwà nu ojú rẹ̀, ó ní kí n máa lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Ìbàdàn ni òkè. Ibi pẹrẹsẹ ni Àjàṣẹ́, omi ọ̀sà la fi ń mọ ibi tí a dojú kọ. Ìyá Sùwé mú mi gun òkè lọ sí Mápó ní ọjọ́ kejì. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn náà, mo wo ìsàlẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni mo rí títí dé ibi tí ojú mi mọ. Mo bi í pé níbo ni omi wà. Ó ní, "Omi kẹ̀? Èèyàn lo ń wò yẹn."

Ẹnu àwọn ará Ìbàdàn ló tẹ̀ lé òkè. Ní Àjàṣẹ́, bí o bá rí ẹni tó rù, o máa ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ní Ọjà'ba, obìnrin kan tí n kò rí rí wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìyá Sùwé, ta ló ni igi ìgbálẹ̀ yìí?"

Ìyá Sùwé kò tilẹ̀ dúró. Ó ní, "Èmi ni mo ni ín. Ẹ fún mi ní oṣù mẹ́ta, ẹ ó bá a ní òṣùṣù."

Mo sunkún nígbà tí a délé. Ìyá Sùwé kò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún. Ó ní ẹni tí Ìbàdàn kò bá bú, Ìbàdàn kò tíì rí i ni.

Iṣẹ́ àádùn ni Ìyá Sùwé ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Sùwé tó bí sì ti wà nílé ọkọ, nítorí náà èmi nìkan ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. A máa ń yan àgbàdo nínú agbada ńlá lẹ́yìnkùlé títí tí yóò fi pọ́n, a ó lọ̀ ọ́, a ó jọ̀ ọ́, a ó sì fi epo, iyọ̀ àti ata díẹ̀ pò ó. Bí ó bá ti rọ̀ bó ṣe yẹ, a ó pọ́n ọn sínú ewé. Ní ọjọ́ mìíràn a ó se kókóró: a ó ro ìyẹ̀fun àgbàdo pẹ̀lú ṣúgà, a ó fi àtẹ́lẹwọ́ yí i gígùn gígùn, a ó dín in títí tí yóò fi gan. A tún máa ń fi ẹ̀gúsí ṣe róbó. Kò sí ọjọ́ tí n kò jẹ nínú gbogbo rẹ̀. Ìyá Sùwé ní ẹni tí kò bá jẹ ohun tó ń tà, kò mọ ohun tó ń tà. Òun fúnra rẹ̀ kì í ra búrẹ́dì wọ ilé. Ó ní kò bójú mu kí oníbàárà rí aláàádùn tó ń jẹ ìpanu ẹlòmíràn.

Báyìí ni a ṣe ń gbé. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ọkà tàbí iyán lọ́sàn-án, àádùn láàárín méjèèjì. Kí oṣù kẹta tó pé, aṣọ tí mo kó wá láti ilé kò gbà mí mọ́. Mo ń gbé garawa omi méjì gun òkè Bẹ́ẹ̀rẹ̀ láìmí hẹlẹhẹlẹ. Obìnrin tó pè mí ní igi ìgbálẹ̀ rí mi ní Ọjà'ba, ó pa àtẹ́wọ́, ó ní, "Háà! Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjòjì!" Gbogbo ọjà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ Ìbàdàn ti gbà mí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, n kò gbàgbé ilé. Òórùn ni mo fi ń mọ̀ pé ilé jìnnà. Ní Àjàṣẹ́, òórùn búrẹ́dì ló ń jí mi, kí ẹnikẹ́ni tó pè mí. Ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, àgbàdo yíyan ni. Àwọn òwúrọ̀ kan wà tí n ó la ojú, tí n ó máa wá òórùn kan tí kò sí níbẹ̀, tí àyà mi á sì já. Ní ọjọ́ ọjà Òjé, mo máa ń sáré lọ bá àwọn obìnrin aláṣọ tó ń ná ọjà Àjàṣẹ́, kí wọ́n bá mi mú lẹ́tà lọ fún bàbá mi. Wọ́n á mú èsì bọ̀ pẹ̀lú ṣukuṣúkù tí wọ́n fi àgbọn ṣe. Bàbá mi kì í fi búrẹ́dì ránṣẹ́, nítorí ó ní búrẹ́dì òun kì í ṣe ohun tí èèyàn ń jẹ ní tútù.

Ní ọdún kejì, mo lọ sílé fún Iléyá. Bàbá mi rí mi lójúde, kò dá mi mọ̀. Nígbà tó dá mi mọ̀ tán, ó gbé mi sókè bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì ń pariwo pé kí gbogbo àdúgbò wá wo ọmọ òun. Ó ṣe búrẹ́dì pàtàkì fún mi, èyí tó fi bọ́tà àti ẹyin sí. Mo jẹ ẹ́ láàárọ̀, mo jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, mo jẹ ẹ́ lálẹ́. Ọdún méjì ni mo fi ṣe àárò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Bàbá mi rún búrẹ́dì sínú tíì. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, n kò lè dìde.

Bàbá mi ló gbé mi sẹ́yìn mọ́tò tó ń padà sí Ìbàdàn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò náà, ó di irin rẹ̀ mú.

"Ìbàdàn ló gbà ẹ́," ó ní. "Dúró síbẹ̀. Má wá mọ́."

Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n má wá rárá?"

"Ó sàn kí n ní ọmọ lókèèrè ju kí n ní sàréè ọmọ lẹ́yìnkùlé. Má wá mọ́."

Òun náà kò lè wá. Ààrò kì í fún ẹni tó ni ín láyè. Bí iná rẹ̀ bá kú lọ́jọ́ kan, àdúgbò á jí láìjẹun. Ọdún méje ni n kò fi fojú kan bàbá mi. Òmìnira dé, wọ́n jó, wọ́n yọ̀, wọ́n so àsíá tuntun ní Àjàṣẹ́, wọ́n so tiwọn ní Ìbàdàn, èmi sì wà láàárín. Mo gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo máa ń bi ara mi pé, onílé tí ilé lé jáde ńkọ́? Ó dùn mí ju ebi lọ. Ẹni tó bá ṣẹ ìlú rẹ̀ mọ ohun tó ṣe. Èmi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tí wọ́n sin okùn ìdodo mi sí ló kàn kọ̀ mí.

Ààwẹ̀ ọdún keje ló tú àṣírí.

Aládùúgbò wa kan tí a ń pè ní Àlájà ti Mẹ́kà dé lọ́dún náà. Ó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ní gbogbo oṣù ààwẹ̀ òun á máa fi mósà ṣe sàárà fún agboolé, kí àwọn èèyàn fi ṣínu. Mósà Àlájà dára. Ó wú, ó fúyẹ́, ó rọ̀ ju èyí tí àwa ń dín lọ, Ìyá Sùwé sì ń jowú rẹ̀ díẹ̀. Sàárà kì í ṣe ohun tí à ń kọ̀. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń jẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà.

Nígbà tí ààwẹ̀ dá sí méjì, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run mí. Mo kọ́kọ́ rò pé ebi ni. Nígbà tí ikùn mi wú, tí ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀tá àtijọ́ ni, mo dá a mọ̀ bí èèyàn ṣe ń dá ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ mọ̀. Mo jókòó sórí ẹní nínú yàrá, ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún. Àjàṣẹ́ ti lé mi. Bí Ìbàdàn náà bá lé mi, ibo ló kù?

Mo sọ ọ́ fún Ìyá Sùwé. Mo ní, "Ìyá, ilẹ̀ ibí náà ti kọ̀ mí."

Ó mú ìborùn rẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ tó ti gbà ẹ́ láti ọdún wọ̀nyí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbàgbé ojú ẹ? Dìde, ká lọ sí ọsibítù."

Dókítà tó wò mí kò tíì dàgbà púpọ̀, ọmọ Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ó bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Kò bi mí pé ta ni mo ṣẹ̀, kò bi mí pé ìlú wo ni inú ti ń run mí. Ó ní kí n ka gbogbo ohun tí mo máa ń jẹ fún òun, láti àárọ̀ títí di alẹ́. Mo kà á. Ó ní, "Kí lẹ jẹ nínú ààwẹ̀ tí ẹ kì í jẹ tẹ́lẹ̀?"

Ìyá Sùwé dáhùn kí n tó lanu. "Mósà Àlájà."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Àgbàdo ni mósà, dókítà."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Kò dá Ìyá Sùwé lójú. Ó ti ń ṣọ́ mósà yẹn tẹ́lẹ̀. Kí a tó tún padà sí ọsibítù, ó ti lọ bi Àlájà. Àlájà ní àgbàdo ni o, àmọ́ òun ń po fúláwà mọ́ ọn dáadáa, kí ó lè wú, kí ó lè fúyẹ́, nítorí sàárà Mẹ́kà kò gbọdọ̀ dà bíi mósà lásán.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí ẹ wà nílé yín, ṣé ẹ ń jẹ búrẹ́dì?"

"Lójoojúmọ́, sà."

"Iṣẹ́ wo ni bàbá yín ń ṣe?"

"Oníbúrẹ́dì ni."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ní kí n gbé nǹkan kékeré kan mì, tí kò ju kóró ẹ̀pà lọ, tí wọ́n so mọ́ rọ́bà tín-ín-rín. Ó lọ sínú ìfun mi, ó bù díẹ̀ níbẹ̀ wá fún wọn. Nígbà tí èsì dé, dókítà ṣàlàyé fún wa bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ábídí. Ó ní inú ìfun èèyàn dà bíi táwẹ́lì, ó ní irun kéékèèké tó ń gba oúnjẹ, ṣùgbọ́n tèmi ti re dànù. Ṣílíàkì ni orúkọ àìsàn náà. Ó ní ohun kan ń bẹ nínú àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà, òun ló ń jẹ́ kí fúláwà tí a pò máa fà, òun náà ni ara mi kò lè gbà.

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Ó yà á lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Bàbá mi máa ń gé díẹ̀ nínú fúláwà tó bá pò, á fà á títí tí yóò fi fẹ́lẹ́, á gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀. Bí kò bá já, inú rẹ̀ á dùn, á ní, "Èyí ní ẹ̀mí." Ohun tí bàbá mi ń pè ní ẹ̀mí búrẹ́dì ló ń pa mí láti kékeré. Òun ló sì ń fi ṣíbí bù ú sí mi lẹ́nu.

Mo bi dókítà pé, "Ṣé kì í wá ṣe ilẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ ò mọ̀ yín. Ibi tó bá wù yín ni kí ẹ máa gbé. Ẹ má ṣáà jẹ búrẹ́dì."

Ẹkún tí n kò rí sun lórí ẹní ọjọ́sí, iwájú dókítà ni mo ti sun ún. Ìyá Sùwé náà sunkún, ó sì ń fi ìborùn rẹ̀ nu ojú wa méjèèjì.

Ní ọ̀nà ilé, ó dúró lójijì ní Bẹyẹrunkà. Ó ní, "Ṣé wàá ní láti ọdún wọ̀nyí kò sí búrẹ́dì ní Ìbàdàn ni? Ó wà. Kí ló dé tí o kì í jẹ ẹ́?"

Mo sọ fún un. Mo ní n kò fẹ́ jẹ búrẹ́dì tí kì í ṣe ti bàbá mi.

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri ilé onílé mú. Ó ní, "Ìfẹ́ bàbá ẹ ló pa ẹ́ lára, ìfẹ́ bàbá ẹ ló tún gbà ẹ́. Ọlọ́run yìí mà tóbi o."

Ó wá ku kí n sọ fún bàbá mi. N kò fẹ́ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, nítorí àfáà àdúgbò ló ń bá a ka lẹ́tà. A lọ sí póòsìtọ́fíìsì ní Dùgbẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ fún wa, a sì ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí ó wà ní póòsì Àjàṣẹ́ ní agogo mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀. N kò tíì fi tẹlifóònù bá a sọ̀rọ̀ rí. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ mi sórí bí ọmọ ilé kéwú. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, tó ń bọ̀ láàárín ariwo bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Ṣé ara ẹ ò yá ni?" Òun ló kọ́kọ́ sọ.

"Ara mi ti yá, Bàbá. Dókítà ti rí ohun tó ń ṣe mí. Kì í ṣe ilẹ̀."

"Kí wá ni?"

"Fúláwà ni, Bàbá. Búrẹ́dì ni."

Ó ní, "Búrẹ́dì ta ni?"

Mo fi okùn tẹlifóònù náà wé ìka mi.

"Búrẹ́dì tèmi?"

"Gbogbo búrẹ́dì ni, Bàbá. Kì í ṣe tiyín nìkan..."

Wọ́n ti gé e. Mo ṣì di tẹlifóònù náà mú títí tí akọ̀wé fi gbà á lọ́wọ́ mi.

Oṣù mẹ́rin kọjá, lẹ́tà kankan kò dé. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, mo ń lọ sí Òjé. Àwọn aláṣọ á ní, "A rí i. Ó ní ká kí ẹ." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn fà mí sẹ́yìn, ó ní kí n gbàdúrà fún bàbá mi o, pé òun bá a lẹ́yìnkùlé tó ń po amọ̀ bí ọmọdé. Mo ti fi ẹnu ara mi sọ fún baba tó tọ́ mi pé òun ló ń fún mi ní májèlé. Bí ìyẹn bá dà á lórí rú, ẹ̀bi ta ni?

N kò lè máa sunkún lójoojúmọ́, ẹnu mi kò sì gbàgbé adùn. Ní oṣù wọ̀nyí ni mo kọ́ láti jẹun pẹ̀lú ìmọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo gbogbo àtẹ ní Ìbàdàn pẹ̀lú ojú mìíràn, ó sì yà mí lẹ́nu bí ohun dídùn tí mo lè jẹ ṣe pọ̀ tó. Gúgúrú àti ẹ̀pà wà, èyí tí mo máa ń jẹ láti Bẹyẹrunkà dé Ọjà'ba tí owó ẹ̀pà mi á tán kí gúgúrú tó tán. Ìpékeré wà, òjòjò gbígbóná wà ní Àrẹ̀mọ. Mo kàn gbọ́dọ̀ máa béèrè ni. Bí mo bá bi onípanu kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ pò mọ́ ọn?" á ní, "Ṣé ọlọ́pàá ni ẹ́ ni?" Mo tún fi ìyà kọ́ ọgbọ́n pé òróró tí wọ́n fi dín pọfúpọfú kò gbọdọ̀ kan tèmi. Ìyá Sùwé ra agbada tuntun, ó fi ẹfun sàmì sí i, ó sì kéde fún gbogbo agboolé pé ẹni tó bá fi fúláwà kàn án, òun àti onítọ̀hún á dé ilé ẹjọ́ Mápó.

Àlájà ló ṣe èyí tó wú mi lórí jù. Nígbà tó gbọ́ ohun tí mósà rẹ̀ fà, ó wá kúnlẹ̀ fún mi, obìnrin tó jù mí lọ ní ogún ọdún. Mo yára kúnlẹ̀ tì í. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá fẹ́ ṣe sàárà, ó máa ń kọ́kọ́ dín ti àgbàdo nìkan, ó sì máa ń pè é ní mósà Àjàṣẹ́. Kò wú tó ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ ẹ́ tán.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà ṣègbéyàwó ní Òkè-Àdó, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kéèkì wọn ga tó ọmọ ọdún mẹ́rin. Ní ìgbà kan rí, n bá ti jẹ ẹ́ kí ojú má bàa tì mí. Lọ́tẹ̀ yìí mo tú àádùn mi sórí tábìlì, mo jókòó, mo ń jẹ. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù na ọwọ́, ó ní ṣé òun lè tọ́ ọ wò. Kí wọ́n tó gé kéèkì, ewé nìkan ló kù níwájú mi, àwọn oníkóòtù sì ń bi mí pé níbo ni mo ń tà. Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Bẹ́ẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àlàmísì kan, lọ́wọ́ ọ̀sán, mo ń jọ àgbàdo lójúde. Mo gbé ojú sókè, bàbá mi ni mo rí. Ó ti hu ewú. Ó gbé abọ́ tánganran kan tí wọ́n fi aṣọ funfun dì mọ́ àyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí òkè. Kọ̀nkọ̀sọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìyá Sùwé jáde, ó figbe ta, ó kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ta lẹ fi ààrò sílẹ̀ fún?"

"Iná rẹ̀ ti kú," bàbá mi ní. "Kí wọ́n jẹ ẹ̀kọ."

Ó jókòó sórí àpótí. Kò wò mí lójú. Ó tú aṣọ funfun náà. Ohun kan wà nínú abọ́, ribiti, pupa lókè bí èèpo búrẹ́dì rẹ̀, ó sì ń ta sánsán àgbọn. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí, ìtìjú ẹ̀rù náà sì tún mú mi. Ó rí i.

"Gbágùúdá ni, àti àgbọn, àti ẹyin," ó ní. "Mo fọ ọwọ́ mi títí ó fi bó. Aṣọ tuntun ni mo wọ̀ ṣe é. N kò yan án nínú ààrò àtijọ́. Mo mọ ààrò mìíràn lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi àgbọn. Lẹ́ẹ̀mejì ló wó lulẹ̀, n kò ṣe iṣẹ́ amọ̀ rí. Fúláwà ò tíì kàn án. Tìẹ ni."

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ ń po amọ̀ bí ọmọdé."

Ìgbà náà ló wá wò mí. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Èmi ni mo ń fún ẹ jẹ," ó ní. "Ìwọ ń kú lọ, èmi ń fún ẹ jẹ."

"Ẹ kò mọ̀, Bàbá."

"N kò mọ̀."

Mo bù ú, mo jẹ ẹ́. Ó le létí, ó rọ̀ nínú, ó dùn. Ìyá Sùwé náà bù ú, ó jẹ ẹ́, ó ronú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò fi iyọ̀ sí i."

Bàbá mi, tí gbogbo Àjàṣẹ́ mọ̀ sí ọ̀gá, tí kì í gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni lórí ohun tó bá ti ààrò jáde, kò bínú. Ó ní, "Kọ́ mi."

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wa. Ó jókòó ti agbada Ìyá Sùwé, ó kọ́ bí a ṣe ń yan àgbàdo fún àádùn, ó sì jó ìka rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan mo ń jẹ nínú ohun tó gbé wá. Kò sọ ìdí tó fi dúró, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kẹta ni inú mi máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í run mí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí oòrùn tó kan òrùlé, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Inú ńkọ́?"

Mo fi ọwọ́ lé ikùn mi. Mo dúró díẹ̀ kó lè dá mi lójú.

"Ó dákẹ́, Bàbá."

Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, ọwọ́ náà mọ́ tónítóní.

"Ó yá," ó ní, "lọ di ẹrù ẹ."